Ìdọ́gba Kọ́ Ni: Ìṣirò Omi àti Oúnjẹ Ewéko Nínú Adágún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọdún 1961 ni a sé odò Àwọ̀n láti dá adágún Erelú sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1964 ni a sé odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Omi ẹ̀rọ ni a torí rẹ̀ ṣe méjèèjì. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi irú adágún bẹ́ẹ̀ yóò tó ará ìlú, tí yóò sì mọ́, ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ gbé ka òfin pé ohun kan kì í ṣàdédé wà, kì í sì í ṣàdédé parun. Bí a bá pe ìṣirò yìí ní 'ìdọ́gba', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé iye tí ó wọlé gbọ́dọ̀ bá iye tí ó jáde dọ́gba. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, adágún kì bá tí máa kún lásìkò òjò, kì bá sì tí máa fà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnu oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu wà: ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, ohun tí ó wà nílẹ̀. 'Ìṣirò ìwọlé-òun-ìjáde' ni ìbá yẹ ẹ́. Ìwọlé ni omi odò, àgbàrá, àti òjò tí ó rọ̀ sójú adágún. Ìjáde ni omi ẹ̀rọ, omi tí ó ṣàn kọjá lórí ìsédò, èyí tí ó jò wọlẹ̀, àti èyí tí oòrùn fà gbẹ. Bí oòrùn bá fa mìlímítà 5 péré ní ọjọ́ kan, lítà 50,000 ni ó ti lọ lójú héktà kan.

Kí a gbà pé, ní oṣù kan, ìwọ̀n omi 100 wọlé, tí 80 sì jáde. Ó yẹ kí 20 kún ohun tí ó wà nílẹ̀; ṣùgbọ́n 15 ni a bá. 'Àwátì' ni kí a pe 5 yòókù, kì í ṣe 'jíjò'. Ó lè jẹ́ pé omi jò. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá ìwọ̀n ni ó ṣì wá lọ́nà. Ẹni tí ó bá yára pè é ní jíjò lè ná owó ìlú sórí ògiri tí kò ní àlébù.

Ti oúnjẹ ewéko tún yàtọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń bá àgbàrá wá láti inú ajílẹ̀, ìgbẹ́ màlúù àti omi ìdọ̀tí. Oòrùn a máa fa omi lọ, ṣùgbọ́n kì í fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nítorí náà ni omi tí ó fà fi lè ní in lọ́pọ̀ ju omi tí ó kún lọ. Richard Vollenweider, nínú ìwádìí rẹ̀ ti 1968, ni ó jẹ́ kí ayé mọ bí iye tí ń wọ adágún lọ́dọọdún ṣe ń pinnu bí ewéko yóò ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Èyí tí kò jáde a máa rì sínú ẹrẹ̀. Kí olùtúmọ̀ má ṣe pe èyí ní 'àdánù', 'ìdádúró' ni. Bí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀ omi, ẹrẹ̀ lè dá a padà, kí òjúoró àti ewé inú omi sì máa gbilẹ̀, bí a tilẹ̀ ti dín ajílẹ̀ kù lóko.

Nítorí náà, ìwé ìṣirò méjì ni adágún kan ń fẹ́, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún oúnjẹ ewéko. Bí ti omi bá pé, kò fi hàn pé ti èkejì pé.