Ìránṣẹ́ Tí Ń Ru Ẹrù Iná: Bí A Ti Ń So Ríléè Mọ́ Iná Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́

Láti orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí ọkọ̀ àtijọ́ kan rí tí ń bọ̀ lókèèrè ní òru, tí iná iwájú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná tí ó fẹ́ kú. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ogbó ni ó dé sí ọkọ̀ náà, pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe ojú náà. Ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bí a ti lè tún ọ̀nà náà ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nípa ohun kékeré kan tí àwọn tí ń ṣe iná ọkọ̀, àwọn tí a ń pè ní rìwáyà ní Nàìjíríà, mọ̀ sí ríléè.

Èmi àti àwọn olùkọ́ méjì kan ń tún Morris Minor kan ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1948 ni a kọ́kọ́ fi irú ọkọ̀ yìí han gbogbo ayé ní ìlú London. Alec Issigonis ni ó ṣe ètò rẹ̀, Cowley ní ìlú Oxford sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1971, èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn àgbà tí ó gbé Èkó tàbí Accra ní ayé ìgbà náà mọ̀ ọ́n dáradára.

Nínú ọkọ̀ yìí, iná a máa ti ọ̀dọ̀ bátìrì lọ sí ẹ̀yìn dáṣìbọọ̀dù, a wọ inú súìṣì tí ó wà níwájú awakọ̀, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí súìṣì kejì tí ó wà nílẹ̀, èyí tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti pààrọ̀ iná gíga sí iná ìsàlẹ̀, kí ó tó tún padà lọ sí iwájú ọkọ̀. Ọ̀nà náà jìn, oríta rẹ̀ sì pọ̀. Ní oríta kọ̀ọ̀kan ni ìpáàrà ti ń dènà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ẹrù tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Gílóòbù méjì ni ó wà lára tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wáàtì 60 fún iná gíga. Méjèèjì jẹ́ wáàtì 120. Bí a bá fi fóltì 12 pín in, a ó rí áńpíà 10. Gbogbo rẹ̀ ni súìṣì tí ó ti lé ní 50 ọdún ń rù.

Nígbà tí mo fi míítà wọ̀n ọ́n, mo rí fóltì 12.2 lẹ́nu bátìrì, ṣùgbọ́n 10.6 péré ni ó dé ẹnu gílóòbù. Fóltì 1.6 ti pòórá lójú ọ̀nà. Kò sì pòórá lásán: ó ti di ooru nínú súìṣì àti nínú wáyà tí rọ́bà ara rẹ̀ ti gbó. Bí fóltì gílóòbù bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì ní òru láìgbé àtùpà, inú ìdá mẹ́ta yẹn ni ó wà.

Kí ni ríléè ń ṣe sí èyí? Ní 1825, William Sturgeon, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí a bá wé wáyà mọ́ irin, tí iná sì gba inú wáyà náà kọjá, irin náà yóò di òòfà. Bí iná bá dá, agbára òòfà náà yóò lọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí yóò bá kọ́ àwọn ọmọdé lè fi ìṣó, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì dán an wò níwájú kíláàsì. Òòfà bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ríléè. Bí iná kékeré bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, irin náà yóò sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Òòfà náà kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin áńpíà kan. Bí ọba bá fẹ́ kí a gbé ẹrù láti ààfin, kì í fi orí ara rẹ̀ rù ú. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, àwọn ìránṣẹ́ ni ó ń rù ú. Kí súìṣì máa pàṣẹ, kí ríléè máa ru ẹrù: ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ríléè ní, a sì kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 85 àti 86 ni ti òòfà. 30 ni ibi tí iná ńlá ń gbà wọlé, 87 sì ni ibi tí ó ń gbà jáde. Ríléè méjì ni a nílò, ọ̀kan fún iná gíga, ọ̀kan fún iná ìsàlẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a tú wáyà bátìrì kúrò. Lẹ́yìn náà, kí a wá àwọn wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ súìṣì ẹsẹ̀ wá síwájú: aláwọ̀ búlúù tí ó ní ìlà funfun ni ti iná gíga, búlúù tí ó ní ìlà pupa ni ti iná ìsàlẹ̀. A kò ní gé wọn. Ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ ni a ó ti fà wọ́n yọ, a ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ 86 ríléè tirẹ̀. Ẹsẹ̀ 85 yóò lọ sí ara ọkọ̀, níbi tí a ti ha ọ̀dà kúrò títí irin fi dán. Láti ẹsẹ̀ 87, kí a fa wáyà tuntun lọ sí gílóòbù méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ bátìrì ni ẹsẹ̀ 30 yóò ti gba iná, wáyà tí a ó sì lò fún un kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju mìlímítà 2.5 níbùú lójú mẹ́rin. Kí gílóòbù kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà tuntun tí yóò dá iná padà sí ara ọkọ̀, nítorí iná tí kò rí ọ̀nà padà kì í jáde.

Ohun méjì ni kí ẹ fiyè sí. Èkíní, kò sí fíúsì kankan lójú ọ̀nà iná iwájú ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí a fi fíúsì áńpíà 15 sójú ọ̀nà ẹsẹ̀ 30 ríléè kọ̀ọ̀kan, nítòsí bátìrì. Bí ọ̀kan bá jó, ìkejì yóò gbé awakọ̀ délé. Èkejì, ẹnu bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀ ni a so mọ́ ara Morris Minor, kò rí bí ti ọkọ̀ òde-òní. Ẹnu tí ó ní àmì àyọkúrò ni wáyà wa yóò ti wá. Ríléè lásán kò kọ èyí. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi dáyóòdù sínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju apá kan ṣoṣo lọ, yóò bàjẹ́ bí a bá gbé ẹsẹ̀ 85 àti 86 rẹ̀ sódì.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú ra gílóòbù wáàtì 100. Ìmọ̀ràn náà kò dára. Méjì irú rẹ̀ yóò máa gba áńpíà tí ó lé ní 16, bẹ́ẹ̀ ni dáínámò Lucas C40 tí ó wà lára tiwa kò lè pèsè ju 22 lọ fún gbogbo ọkọ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé a ti ba ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ bí a bá fi ohun tuntun sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ṣùgbọ́n a kò gé wáyà àtijọ́ kankan, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà.

Nígbà tí a parí tiwa, fóltì 11.9 ni ó dé ẹnu gílóòbù, súìṣì kò sì gbóná mọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ kù. Apá òsì títì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ títí di 1972, Ghana sì ń gbà á títí di 1974. Gíláàsì iná ọkọ̀ tí a ṣe fún apá òsì a máa ju iná ìsàlẹ̀ sí òsì. Lónìí tí apá ọ̀tún ni a ń gbà, ojú awakọ̀ tí ń bọ̀ ni yóò lọ tààrà. Bí iná náà bá rẹ̀, ìpalára rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá ti fi ríléè fún un lágbára, ó lè fọ́ni lójú. Nítorí náà, ẹ ra gíláàsì tí a ṣe fún apá ọ̀tún, kí ẹ sì tẹ orí iná náà sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan tan iná ìsàlẹ̀ ní òru, kí ẹ̀yin sì rìn lọ síwájú, kí ẹ dúró ní ibi tí awakọ̀ tí ń bọ̀ yóò wà. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára.