Omi Kànga Dẹ̀rọ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Dá Mẹ́táàlì Mọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ilé ní Akówọnjọ

Ìpilẹ̀ṣẹ̀
Ẹni tí omi iyọ̀ bá ti ru dà sórí iná gáàsì rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀: iná búlúù a ṣàdédé pupa bí ìyeyè, nítorí sódíọ̀mù inú iyọ̀. Mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bunsen àti Kirchhoff fi ọgbọ́n yìí rí mẹ́táàlì sísíọ̀mù ní Jámánì ní 1860. Alan Walsh, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, tẹ AAS, ọ̀nà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́táàlì gbé mì, jáde ní 1955. ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo átọ́ọ̀mù dá mẹ́táàlì mọ̀, dé ọjà ní 1983. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a fi ń wá mẹ́táàlì inú omi.

Mẹ́táàlì wo ló yẹ ká bẹ̀rù nínú omi?
Láti Akówọnjọ dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún, omi kànga dẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Omi tó ń pọ́n nínú tánkì, tó ń ba aṣọ funfun jẹ́, ni ojú ń sá fún. Irin ló fà á, àwọ̀ àti adùn omi ló sì ń bà jẹ́ jù. Àṣà àtijọ́ tó fún un: ẹ jẹ́ kí omi sùn nínú amù, kí ìpẹtà rọlẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ojú rẹ̀. Òjé ni ọ̀tá tòótọ́. Kò láwọ̀, kò rùn, omi tó mọ́ gaara lè gbé e, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó sábà máa ń kan díẹ̀, omi tó bá sì kan a máa jẹ páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ onídẹ, tí òjé inú wọn á fi wọnú omi. Nítorí náà, kí a tó ra asẹ́ olówó gọbọi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sanwó àyẹ̀wò.

Òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, 2007: iye tí kò gbọdọ̀ kọjá (mílígíráàmù nínú lítà 1)
Òjé 0.01, áséníìkì 0.01, kádímíọ̀mù 0.003, mẹ́kúrì 0.001, irin 0.3, bàbà 1, síńkì 3.

Bíbu omi àti kíka èsì
Ike mímọ́ méjì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́yìn tí omi bá ti dúró nínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán, ẹ bu èyí tó kọ́kọ́ jáde sínú ìkínní. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó bu ìkejì. Bí òjé bá wà nínú ìkínní nìkan, páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá wà nínú méjèèjì, ẹ yẹ kànga àti ẹ̀rọ tó ń fà á wò. Omi tí yàrá àyẹ̀wò bá fi ásíìdì sí lè dúró fún oṣù 6, ti mẹ́kúrì kò ju ọjọ́ 28 lọ. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, kò jìnnà. Ẹ lè béèrè níbẹ̀. Bí èsì bá ní “a kò rí òjé”, ẹ bi wọ́n: òjé tó kéré tó mélòó ni ẹ̀rọ yín lè rí? AAS oníná, tí iná rẹ̀ gbóná tó 2,300°C, kì í sábà ríran dáadáa ní 0.01. Ẹ̀rọ tí kò lè rí òjé tó kéré ju 0.1 lọ lè jẹ́ kí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá òṣùwọ̀n kọjá. AAS onílééru tàbí ICP-MS ló tó fún òjé.

Sísè
Kì í yọ òjé.

Ẹ̀yin tó ní àwọn baba wa lé tìróò, wọ́n sì gbó
Omi nìkan kọ́ ni òjé ń bá wọlé; ó lè wà nínú tìróò pẹ̀lú. Àwọn tó gbó nìkan ni ojú wa ń rí. Láyé àwọn baba wa, kò sẹ́ni tó wọn ọgbọ́n tí òjé dín kù lára ọmọ. Ní Boston, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà; tìróò tí wọ́n ń lé fún un jẹ́ òjé ní ìdá 82.6 nínú 100. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ jẹ́ kí amù dúró, kí tìróò kúrò lójú ọmọ. Ní ti owó àyẹ̀wò omi: àwọn ilé tó ń pín kànga kan lè dá owó àyẹ̀wò kànga jọ, kí onílé kọ̀ọ̀kan wá san ti páìpù tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, àti nígbàkigbà tó bá pààrọ̀ ẹ̀rọ.