Iṣẹ́ Kan Náà, Owó Oṣù Ò Dọ́gba: Ohun Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Kẹ́rù

Ọkọ ń ṣe olùkọ́ ìjọba níbí ní Lọ́kọ́ja, ìyàwó ń ṣe olùkọ́ ìjọba l'Ékòó. Ìwé ẹ̀rí kan náà, ọdún iṣẹ́ kan náà, àmọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé lóṣù, owó ò dọ́gba. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa ní Felele, ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹlòmíì á ní ẹnì kejì òun ń fowó pamọ́.

Ibi tó ti ń wá rèé. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ìpínlẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ san ohun tó dín sí i, ṣùgbọ́n èyí tó bá lágbára lè fi kún un. Kogí lóun á san ₦72,500, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Èkó ₦85,000. Láàárín Kogí àti Èkó, ₦12,500 nìyẹn lóṣù, ₦150,000 lọ́dún, fún òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fún àwọn tó ti gòkè, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ lórí àfikún. Èkó ń pa owó orí tó pọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó kù, owó tó ń ti Abuja wá ni wọ́n gbójú lé.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní Federal University Lokoja, tó ní ọgbà ní Felele níbí, àtẹ owó oṣù kan náà lòun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UNILAG wà. Torí náà, tọkọtaya nọ́ọ̀sì lè jọ máa gbé yàrá kan ní Lọ́kọ́ja kí owó wọn má dọ́gba, tí ọ̀kan bá wà lábẹ́ Abuja, tí èkejì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀.

Iléèwé aládàáni ló wá le jù. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ iléèwé kéékèèké ni ò tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó bá fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kó lè tẹ̀lé ọkọ wá, ibẹ̀ ló sábà máa ń já sí. Ọkọ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀lé ìyàwó, mi ò tíì rí púpọ̀ o.

Ẹ má wá torí ₦12,500 sáré kẹ́rù lọ Èkó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè owó ilé níbẹ̀, kí ẹ sì dé gáréèjì béèrè owó ọkọ̀. Èyí tó tún kan àwa tí a wá tẹ̀dó ni pé, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni wọ́n máa ń fún un, kò sí owó ìfẹ̀yìntì nínú ẹ̀. Bí èèyàn bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lásán, ọdún tó ti fi sìn lè má tẹ̀lé e. Tíránsífà ni kí ẹ béèrè. Kí lẹ́tà ibi tó fẹ́ gbà yín kọ́kọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ibi tí ẹ wà sì kọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda yín, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan.