Ọkọ̀ Kan Náà, Ọwọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí àwọn ará Ìdànrè lè wò nílé ìwòran, yálà ní Odòde tàbí ní Àlàdé, eré ìje ọkọ̀ ni ó ṣòro jù lọ láti fi ojú lásán dá ẹjọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé òpin eré lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà jù, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn lówó jù. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni àwọn méjìlélógún ń lé kiri lórí pápá, ṣùgbọ́n nínú Formula 1, tí í ṣe ìdíje ọkọ̀ tí ó lókìkí jù lọ lágbàáyé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ ẹgbẹ́ kan sì lè fi odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan yára ju ti ẹgbẹ́ mìíràn lọ nínú ìyípo kan, àlàfo tí kò sí ọgbọ́n tí awakọ̀ lè dá tí yóò fi dí i. Awakọ̀ méjì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà sì jọra, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ borí ni ẹni tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà, nítorí bí ìyẹn bá ṣíwájú rẹ̀, kò ní lè sọ pé ọkọ̀ ni ó fà á. Èrò yìí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n iye máàkì tí àwọn méjèèjì kó jọ ní òpin sáà, tí ó jẹ́ òun ni ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń kọ́kọ́ wò, ni ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbọ́kàn lé jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí àwọn tí ń wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ wá sí Ìdànrè. Bí olówó kan bá ra bọ́ọ̀sì méjì lọ́jọ́ kan náà, tí ó fi awakọ̀ méjì sí i, tí ó sì wá ń fi owó tí kálukú kó wá lálẹ́ nìkan dá wọn lẹ́jọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi lé ẹni rere kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ọ̀kan lè ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí táyà èkejì sì ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì tún jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń tètè dé láìba ọkọ̀ jẹ́. Ohun tí olówó ọkọ̀ náà ní láti ṣe ni kí ó ya iṣẹ́ ọwọ́ awakọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn ṣẹlẹ̀ sí i, iṣẹ́ yìí náà sì ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ fi awakọ̀ ìje méjì wé ara wọn.

Formula 1 kò tíì dé Nàìjíríà rí, ìgbà ìkẹyìn tí ó sì wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ọdún 1993, ní Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà. Síbẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láti ọdún 1978 títí di 1992, ràlì ilẹ̀ Côte d'Ivoire wà lára àwọn ìdíje ràlì àgbáyé. Nínú ràlì, àwọn awakọ̀ kì í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú olùtọ́nà tí ó jókòó ti awakọ̀ tí ó ń ka bí ọ̀nà ṣe rí sí i létí, aago ni gbogbo wọn sì ń bá díje. Ní ọdún 1984, àwọn méjì tí wọ́n ń du adé àgbáyé, Stig Blomqvist ọmọ Sweden àti Hannu Mikkola ọmọ Finland, ẹgbẹ́ Audi ti ilẹ̀ Jámánì kan náà ni wọ́n ń wakọ̀ fún. Orí ilẹ̀ pupa Côte d'Ivoire ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú: Blomqvist ló gba ipò kìíní, Mikkola ṣe ìkejì, Blomqvist sì di aṣíwájú àgbáyé pẹ̀lú máàkì 125 sí 104. Ní ọdún tó ṣáájú, Mikkola ni ó ní máàkì 125 tí ó sì gba adé, nígbà tí Blomqvist ní 89 péré, tí ó wà ní ipò kẹrin. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò yìí nìkan ṣèdájọ́ yóò sọ pé ọdún kan péré ni ọwọ́ Mikkola fi wálẹ̀ tí ti Blomqvist sì fi mú. Ṣùgbọ́n ní Côte d'Ivoire, Sport Quattro tuntun, tí wọ́n gé kúrú kí ó lè máa yí kíákíá ní kọ́nà, ni Blomqvist wà, nígbà tí Mikkola wà nínú Quattro tó gùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí a fi kún un pé lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń jẹ eruku ẹni iwájú. Ẹgbẹ́ kan náà ni. Ọkọ̀ kan náà kọ́.

Lọ́dún 1984 yìí kan náà, Formula 1 fi ohun mìíràn hàn. Nínú ẹgbẹ́ McLaren, Alain Prost ọmọ Faransé borí nínú eré 7, Niki Lauda ọmọ Austria sì borí nínú 5. Kí eré kọ̀ọ̀kan tó wáyé, àwọn awakọ̀ máa ń dá sáré láti mọ ẹni tí yóò dúró níwájú níbi ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìdánwò ìyára, Prost sì yára ju Lauda lọ nínú ìdánwò 15 nínú 16. Bí ó ti wù kí ó rí, Lauda ni ó gba adé, pẹ̀lú máàkì 72 sí 71.5. Monaco ni ìdajì máàkì yẹn ti wá, níbi tí òjò ńlá ti mú kí wọ́n dá eré dúró láìtíì dé ìdajì, tí Prost tó wà níwájú fi gba 4.5 dípò 9. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bí eré náà bá lọ dé òpin, tí ẹnì kan sì kọjá Prost tí ó fi ṣe ipò kejì, máàkì 6 ni ì bá gbà, òun ni ì bá sì dé adé. Kì í ṣe pé Lauda kàn rí i he. Nínú eré ìkẹyìn ní Portugal, ipò kọkànlá ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ipò kejì tí ó nílò. Prost ni ó yára jù. Lauda ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó máàkì jọ. Méjèèjì jẹ́ ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọdún 1988 tún díjú ju ìyẹn lọ. McLaren borí nínú eré 15 nínú 16, Ayrton Senna ọmọ Brazil gba 8, Prost gba 7. Eré 14 ni Prost parí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ fi jẹ́ 105 nígbà tí ti Senna jẹ́ 94. Síbẹ̀, Senna ni ó gba adé, nítorí òfin ìgbà náà sọ pé èsì 11 tó dára jù nìkan ni wọn yóò kà fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó mú kí wọ́n da 18 nù nínú máàkì Prost àti 4 péré nínú ti Senna, tí ìṣirò fi wá di 90 sí 87. Ẹni tí ó bá ń wò ó lókèèrè lè rò pé wọ́n rẹ́ Prost jẹ ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ òfin náà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, òfin tí ó sì ń fún ẹni tó ń borí ní èrè ju ẹni tí kì í ṣubú lọ kò ní ṣàì sọ bí awakọ̀ yóò ṣe fi ara wewu. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń ka gbogbo èsì. Bí wọ́n bá ti kà á bẹ́ẹ̀ ní 1988, Prost ni ìwé ìtàn ì bá máa pè ní aṣíwájú ọdún náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni wakọ̀ lọ́nà mìíràn.

Lewis Hamilton, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Formula 1, tí àwọn tí kì í wo eré náà pàápàá mọ orúkọ rẹ̀, ni ó tún wà nídìí àpẹẹrẹ tí ó fẹjú jù. Láti 2010 dé 2012, òun àti Jenson Button jọ wà ní McLaren, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún àkọ́kọ́, Hamilton ní 240, Button ní 214. Ní ọdún kejì, Hamilton ní 227, Button ní 270. Ní ọdún kẹta, Hamilton ní 190, Button ní 188. Bí a bá ka sáà, Hamilton borí nínú méjì nínú mẹ́ta. Bí a bá ro máàkì pọ̀, Button ni ó ṣíwájú, pẹ̀lú 672 sí 657. Bí ó bá sì jẹ́ iye eré tí kálukú gbà ni, Hamilton gba 10, Button gba 8. Kò sí irọ́ nínú ìkankan, ọ̀rọ̀ kò sì tíì parí síbẹ̀. Ní ọdún 2012, Hamilton wà níwájú ní Singapore nígbà tí jíà ọkọ̀ rẹ̀ kú, ó tún wà níwájú ní Abu Dhabi nígbà tí epo kò lọ sí ẹ́ńjìnnì mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni máàkì 25 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú eré méjèèjì yìí ti tó láti dí àlàfo 15 náà. Ọdún 2011 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Hamilton fi ba púpọ̀ nínú ọdún yẹn jẹ́, tí ó ń kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn, títí tí ó fi kọlu Button fúnra rẹ̀ ní Canada, tí eré parí fún un níbẹ̀, tí Button sì lọ gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo yóò mú eré tí jíà bàjẹ́ kúrò nínú ìṣirò, yóò sì fi ti Canada sílẹ̀ síbi tí ó wà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í sábà hàn kedere. Ní ọdún 2016, nínú ẹgbẹ́ Mercedes, Nico Rosberg gba adé pẹ̀lú 385 sí 380 ti Hamilton, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hamilton gba eré 10 tí òun gba 9, gbogbo ènìyàn sì rántí ẹ́ńjìnnì Hamilton tó jóná ní Malaysia nígbà tí ó wà níwájú. Díẹ̀ ni ó rántí pé ní Ítálì, níbi tí Hamilton ti bẹ̀rẹ̀ ní ipò kìíní, kò gbéra dáadáa, tí ọkọ̀ púpọ̀ fi kọjá lára rẹ̀ kí wọ́n tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, tí Rosberg sì borí lọ́jọ́ náà.

Nítorí èyí ni ìdánwò ìyára fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tó sàn díẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni, lọ́jọ́ kan náà, láìsí ọkọ̀ mìíràn tí yóò dí wọn lọ́wọ́ bíi ti ọjọ́ eré gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìyípo kan ní Monaco kò ju kìlómítà 3.3 lọ, ó sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 70. Ti Spa ní Belgium jẹ́ kìlómítà 7, ó sì ń gba nǹkan bí 105. Bí awakọ̀ kan bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.2 ṣíwájú ẹnìkejì rẹ̀ ní Monaco, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 0.29 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà, ṣùgbọ́n 0.2 kan náà ní Spa kò ju 0.19 lọ, nítorí náà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ kí wọ́n máa fi wé ara wọn. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò náà sì ní, ojú ọ̀nà sì sábà máa ń yára sí i bí rọ́bà táyà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí àkókò ẹni tí wọ́n já ní ìpele àkọ́kọ́ kò fi ṣeé fi wé ti ẹni tó dé ìpele kẹta. Ìpele tí àwọn méjèèjì jọ sá kẹ́yìn ni kí wọ́n mú. Lẹ́yìn náà, dípò kí wọ́n ro gbogbo àlàfo pọ̀ kí wọ́n sì pín in, ó sàn kí wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n sì mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an, nítorí pé ọjọ́ òjò kan ṣoṣo, tí àlàfo ti di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, lè ba ìṣirò odidi sáà jẹ́.

Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní Silverstone ní 2010, Red Bull mú apá iwájú tuntun kúrò lára ọkọ̀ Mark Webber, wọ́n fi sára ti Sebastian Vettel tí tirẹ̀ ti bàjẹ́. Webber fi ti àtijọ́ sáré, ó sì borí. Ní Monza ní 2025, lẹ́yìn tí táyà Lando Norris pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ tán, McLaren pàṣẹ fún Oscar Piastri pé kí ó dá ipò kejì padà fún un, Piastri sì gbọ́ràn. Máàkì mẹ́ta ni ó wà láàárín ipò kejì àti ìkẹta. Nígbà tí sáà parí, Norris ní 423, Max Verstappen ti Red Bull sì ní 421. Ẹni tí ó bá ń fi máàkì wé Norris àti Piastri lọ́dún náà, ó ń ka ohùn ọ̀gá ẹgbẹ́ mọ́ ọwọ́ awakọ̀.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí fẹ́ràn láti ṣe, tí ó sì léwu jù, ni kí wọ́n máa so ìfiwéra pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀: Hamilton borí Rosberg nínú sáà mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n jọ wà, Rosberg borí Michael Schumacher nínú sáà mẹ́ta tí àwọn náà jọ wà ní Mercedes, nítorí náà, ní tiwọn, àríyànjiyàn tó wà láàárín Hamilton àti Schumacher, tí kálukú wọn gba adé méje, ti tán. Òótọ́ ni pé ní 2010 Rosberg ní 142, Schumacher sì ní 72. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni Schumacher lọ́dún náà, ó sì ti fi odidi sáà mẹ́ta sinmi kí ó tó padà wá. Òun yẹn ni Rosberg borí. Schumacher ti 1995 tàbí ti 2004 kò bá Rosberg wà nínú ẹgbẹ́ kan náà rí, kò sì sí máàkì kankan tí ó lè fi wọ́n wé ara wọn.