Mọ́dábọ́ọ̀dù Tó Ṣeé Gbára Lé, Tí Ohùn Rẹ̀ sì Mọ́ Gaara

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìdílé tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà sílé: "Mọ́dábọ́ọ̀dù wo ni kí a rà, kí ohùn rẹ̀ lè dára?" Ìbéèrè tó bọ́ sí àkókò ni, nítorí pé kọ̀ǹpútà ilé kì í ṣe ohun ìtẹ̀wé lásán mọ́. Òun ni àwọn ọmọ fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́, òun ni àwọn akọrin fi ń gba orin sílẹ̀, òun náà ni àwọn ìdílé mìíràn fi ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, oríkì àti ìtàn ilé, kí ó má baà bá wọn lọ. Bí ariwo bá wọ inú irú ohùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń gbà á, ó ṣòro púpọ̀ láti yọ ọ́ kúrò láìba ohùn náà jẹ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà sì lè má sí mọ́ láti tún un sọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí a fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi sọ́kàn kí wọ́n tó mú owó jáde. Bí ohùn mọ́dábọ́ọ̀dù kò bá tó, ẹ̀rọ ohùn kékeré wà tí a lè kì bọ ihò USB láti fi ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ bá jẹ́ aláìlera, kò sí ohun tí a lè kì bọ̀ ọ́ tí yóò sọ ọ́ di alágbára. Nítorí náà, agbára ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ohùn.

BÍ OHÙN ṢE DÉ ORÍ MỌ́DÁBỌ́Ọ̀DÙ

Mọ́dábọ́ọ̀dù ni bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. CPU tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, memory, àti dísìkì tí a ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ipasẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìgbà kan, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ní láti ra káàdì ohùn lọ́tọ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Sound Blaster, tí ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore gbé jáde ní ọdún 1989. Ní ọdún 1997, ilé iṣẹ́ Intel gbé ìlànà AC'97 kalẹ̀, èyí tó mú kí ó rọrùn láti fi ohùn sára mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an. Ní ọdún 2004, wọ́n fi ìlànà High Definition Audio rọ́pò rẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń lò títí di òní.

Iṣẹ́ ohùn yìí wà lọ́wọ́ ṣípù kékeré kan. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ Realtek ti Taiwan, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, ló ń ṣe é. Akàn ni àmì ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wo orí ṣípù náà dáadáa lè rí i níbẹ̀.

KỌ́KỌ́ WO ÌPÌLẸ̀

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun mẹ́rin ni a fi ń mọ ìpìlẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù.

Lọ́nà kìíní, ìbámu. Ojú ihò tí CPU ń jókòó sí gbọ́dọ̀ bá CPU tí ẹ fẹ́ rà mu. AM5 tó jáde ní ọdún 2022 wà fún CPU ti AMD. LGA1700 tó jáde ní ọdún 2021 àti LGA1851 tó jáde ní ọdún 2024 wà fún ti Intel. Ọ̀kan kò lè wọ inú èkejì. Bákan náà, memory DDR4 kò lè wọ ojú ihò DDR5. Owó púpọ̀ ti ṣòfò nítorí pé ẹni tó ra nǹkan kò béèrè èyí.

Lọ́nà kejì, apá tó ń pín iná fún CPU. Fóltì 12 ló ń wọlé sí apá yìí, òun ni yóò sì sọ ọ́ di fóltì kékeré tí CPU lè gbà. Iṣẹ́ yìí máa ń mú ooru wá. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó dára a máa ní irin tó nípọn lórí apá yìí, tí ń fa ooru kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ lo CPU alágbára, ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní irin kankan níbẹ̀.

Lọ́nà kẹta, àwọn kàpásítọ̀, àwọn nǹkan róbótó bí agolo kékeré tó dúró káàkiri lórí bọ́ọ̀dù. Láàrin nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, kàpásítọ̀ olómi tí kò dára tàn kálẹ̀ nínú ọjà àgbáyé, orí wọn wú, omi inú wọn jáde, àìmọye mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì kú nítorí wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń lo èyí tí kò ní omi nínú níbi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ṣùgbọ́n olómi ṣì wà ní àwọn ibòmíràn, pàápàá ní apá ohùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí a bá kọ ọ́ pé kàpásítọ̀ olómi kan yóò lo wákàtí 5,000 nínú ooru ìwọ̀n 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 dínkù, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ní ìwọ̀n 95, yóò di wákàtí 10,000. Ní ìwọ̀n 75, yóò di 40,000. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà fún wákàtí 8 lójúmọ́ yóò lò ó fún ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ní ìwọ̀n 95, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 75 yóò lé ní ọdún 13. Ẹ rí i nísinsìnyí pé fáánù àti ibi tí a gbé kọ̀ǹpútà sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Lọ́nà kẹrin, wáráńtì àti BIOS. BIOS ni ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà dìde kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má dìde mọ́. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan ní bọ́tìnnì BIOS Flashback, tí a fi lè tún BIOS gbé wọlé láti orí fláàṣì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ohun tó yẹ láti sanwó lé ni.

NỌ́ŃBÀ TÍ ÀWỌN ÒǸTAJÀ Ń PARIWO

Bí ìpìlẹ̀ bá dúró, ó kan ohùn. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí láti fi fa ojú wa mọ́ra.

Èkíní ni 7.1. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé sípíkà mẹ́jọ ni ẹ̀rọ náà lè bá ṣiṣẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ohùn ṣe mọ́ tó. Ìdílé tó ní sípíkà méjì péré kò ní jèrè nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èkejì ni désíbẹ̀lì, tí wọ́n ń kọ ní dB. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí ohùn gidi ṣe fi ga ju ariwo abẹ́lẹ̀ lọ. Ṣípù ALC887 tí ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ní nǹkan bí 97 fún gbígbọ́ àti 90 fún gbígba ohùn sílẹ̀. ALC1220 tó wà lórí àwọn olówó gọbọi ní 120 fún gbígbọ́ àti 113 fún gbígba ohùn sílẹ̀. Ní 97, ohùn fi nǹkan bí ìlọ́po 70,000 ga ju ariwo lọ. Ní 120, ìlọ́po 1,000,000 ni. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orin orí síídì kò kọjá nǹkan bí 96. Ẹni tó jẹ́ pé ìwàásù, orin àti ẹ̀kọ́ ló fẹ́ máa gbọ́, kò pọn dandan kí ó lé 120 kiri. Ẹni tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ni kí ó wo nọ́ńbà kejì náà dáadáa, nítorí pé ohun tí a bá gbà wọlé ni yóò kù.

Ẹ̀kẹta ni 600 ohm. Èyí wà fún irú àwọn ẹ̀rọ àfisétí ńlá tí àwọn tó ń fi orin ṣiṣẹ́ ń lò. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò wà láàrin 16 sí 32, mọ́dábọ́ọ̀dù èyíkéyìí ló sì lè gbé e.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN NỌ́ŃBÀ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nọ́ńbà ṣípù jẹ́ ti ṣípù nìkan, kì í ṣe ti mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ṣípù náà bá ti dé orí bọ́ọ̀dù, CPU, káàdì àwòrán àti fáánù yóò máa da ariwo iná sí i lára. Ìdí nìyí tí mọ́dábọ́ọ̀dù méjì fi lè ní ṣípù kan náà, kí ọ̀kan mọ́ gaara, kí èkejì sì máa kùn bí oyin.

Kí ni àwọn tó ṣe é dáadáa máa ń ṣe? Wọ́n a ya apá ohùn sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n a sì gé bàbà inú bọ́ọ̀dù níbẹ̀ kí ariwo má baà kọjá. Ẹ lè fi ojú rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan a tún la ọ̀nà ohùn apá òsì àti ti apá ọ̀tún sí ìpele bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n a sì fi kàpásítọ̀ tí a ṣe fún ohùn síbẹ̀, bí irú èyí tí ilé iṣẹ́ Nichicon ti Japan ń ṣe. Bí ẹ bá rí àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é ro ti ohùn.

ÌLÒ ÀWỌN IHÒ OHÙN

Ihò aláwọ̀ ewé wà fún sípíkà tàbí ẹ̀rọ àfisétí. Aláwọ̀ pínkì wà fún máìkì. Aláwọ̀ búlúù wà fún ohùn tó ti lágbára tẹ́lẹ̀, bí èyí tó ń ti ara ẹ̀rọ mixer bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin akọrin sílẹ̀, ẹ má ṣe ki okùn mixer bọ ihò pínkì, yóò fọ́ ohùn náà yángá.

Máìkì ńlá tó nílò fóltì 48 kò lè ṣiṣẹ́ lára mọ́dábọ́ọ̀dù rárá; ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí a ń fi so ó mọ́ USB. Bí ohùn máìkì kékeré bá sì lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe sáré gbé Mic Boost lọ sí 30. Bó ṣe ń gbé ohùn sókè náà ló ń gbé ariwo sókè. Ẹ kọ́kọ́ sún máìkì mọ́ ẹnu.

Bí ariwo bá wà nínú ihò iwájú kọ̀ǹpútà, ẹ gbìyànjú ti ẹ̀yìn. Okùn tó lọ sí iwájú ń gba inú àpótí kọjá, ó sì lè kó ariwo lọ́nà.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Yálà Computer Village ní Ikeja ni ẹ lọ tàbí ọjà mìíràn, ẹ mú ẹ̀rọ àfisétí àti máìkì tiyín dání. Ẹ ní kí wọ́n tan mọ́dábọ́ọ̀dù náà, kí ẹ gbé ohùn sókè pátápátá láìsí orin kankan. Ẹ yí máòsì káàkiri, ẹ ṣí fáìlì kan. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ṣíì-ṣíì tó ń bá máòsì rìn, apá ohùn rẹ̀ kò ní ààbò tó. Kí ẹ tó fi orin dán an wò, ẹ kọ́kọ́ dín ohùn kù kí etí yín má baà jìyà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ètò Audacity wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo orí àwọn kàpásítọ̀ bóyá wọ́n wú. Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ojú ihò CPU ti Intel bóyá ọ̀kankan tẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ bóyá ó jóná rí. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó, ẹ sì gba ìwé tó sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.

BÍ Ẹ BÁ GBÉ E DÉLÉ

Mọ́dábọ́ọ̀dù tó dára jù lọ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ iná burúkú. Ẹ fi UPS sí i, ẹ sì ra power pack tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná bí àrá bá ń sán. Ẹ rí i pé áàtì wà nínú ilé yín, tí ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn bá ń kùn wúù láìdáwọ́ dúró, ẹ ki kọ̀ǹpútà àti sípíkà bọ ojú iná kan náà; ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìkùn náà ń wá láti ara áàtì, tí kò sì sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ṣípù. Ẹ máa gbọn eruku inú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí eruku ń há ooru mọ́lé.

Ní ìparí, bí owó bá pọ̀, ẹ ra èyí tó ní ìpìlẹ̀ tó dúró àti ohùn tó mọ́. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ ra ìpìlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ohùn USB kún un nígbà tí ọwọ́ bá tún tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó gba ohùn Bàbá tàbí Màmá sílẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú kan wò ná, kí ẹ gbọ́ ọ padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan yẹn ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn gbọ́ oríkì wọn ketekete.