Àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ pikọ́ọ̀pù: Kí ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀ yín ní Accra?

Pikọ́ọ̀pù kì í ṣe ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Abẹ́ Toyota Hilux, Ford Ranger àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ga kúrò nílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ibi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ sí kí ó tó jókòó sì tún ga ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọ̀dọ́ lè fò gùn ún. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dà láàmú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, aboyún kò sì gbọdọ̀ dán an wò.

Ìdí nìyí tí àwọn onípikọ́ọ̀pù ní Accra fi ń wá àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sí Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó jẹ́ fún ará Accra ohun tí Ladipo jẹ́ fún ará Èkó. Ojú ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń yan án: èyí tó ń dán, èyí tó dúdú, èyí tó nípọn. Ṣùgbọ́n àwọn irin kéékèèké tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ojú kì í rí, ni ẹsẹ̀ ìyá àgbà yẹn gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìwúwo ẹnì kan lè di ti ẹni mẹ́ta

Àtẹ̀gùn ọkọ̀ kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ńṣe ló yọ síta bí ẹ̀ka igi. Ká ní ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 90 gbé ẹsẹ̀ lé etí rẹ̀, tí etí náà sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ibi tí wọ́n dè é mọ́. Bí bóòtù òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra, agbára tí yóò máa fa bóòtù òkè jáde yóò tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 270. Lóòótọ́, irin agbátẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń pín ẹrù yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò lé e, tàbí tó gbé àpò ìrẹsì lérí, yóò tún fi kún un. Bí bóòtù kan bá ti tú, àwọn tó kù ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Bóòtù tàbí iná jórinjórin?

Ṣáásì ni egungun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, irin gígùn méjì tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù ìgbàlódé, ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti lu ihò sílẹ̀ lára ṣáásì tàbí lábẹ́ ara ọkọ̀. Àtẹ̀gùn tó bá bá irú ọkọ̀ náà mu yóò ní irin tí ihò rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti ọkọ̀. Kò sí ìdí láti lu ihò tuntun, kò sì sí ìdí láti tan iná.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àtẹ̀gùn kò bá bá ọkọ̀ mu: ti Hilux àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi sí tuntun, tàbí ti onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ dè mọ́ onílẹ̀kùn méjì. Fítà, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe mẹkáníìkì, lè ní kí wọ́n pe jórinjórin wá. Kò sí àní-àní pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Accra mọṣẹ́; àwọn ló ń mú ọkọ̀ tí àwọn ará ibòmíràn ti pa tì rìn. Àmọ́ ṣáásì kì í ṣe irin géètì. Iná máa ń yí bí irin ṣe le sí padà ní àyíká ibi tí wọ́n jó, ibẹ̀ gan-an ló sì lè ti sán bí ọkọ̀ bá ṣe ń gba inú kòtò kọjá. Iná tún ń bó ọ̀dà tó dáàbò bo irin náà. Etí òkun ni Accra wà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò sì ní pẹ́ mú kí irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó dípẹtà.

Ewu mìíràn wà tí kì í hàn. Ẹ̀gbẹ́ ṣáásì ni ọ̀pá epo, ọ̀pá bíréèkì àti wáyà máa ń gbà kọjá, ẹni tó sì ń lu ihò láti ìta kò rí ohun tó wà lódìkejì. Bí iṣẹ́ iná bá di dandan lára ọkọ̀ fún ìdí mìíràn, ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, nítorí ó lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú páálí náà wò. Ẹ ka àwọn irin agbátẹ̀gùn. Ti ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà rí bákan náà. Fítà yóò fọ ihò mọ́, yóò sì fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù wọlé láì tíì fún un. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé àtẹ̀gùn lé e, tí yóò wò ó bóyá ó tẹ́jú, bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí láì kàn án, kí ó tó wá fi sípánà fún un. Sípánà tó ń wọn agbára ló dára jù, torí bóòtù tí a fún ní àfúnjù lè já, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a kò fún tó ṣe lè tú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lójú ọ̀nà, ẹ gbé ọkọ̀ padà kí wọ́n tún un fún.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ ní Ghana láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí gọ́tà wà, ni èrò ti sábà máa ń sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ mì wò.

Ohun tí àtẹ̀gùn kì í ṣe

Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń ti jáàkì sí. Irú kan wà tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà olókùúta, tó lè gbé ìwúwo ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá dídán tó wọ́pọ̀ lọ́jà kọ́ nìyẹn. Kì í sì í ṣe ibi ìdúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn ọ̀dọ́ a máa rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pikọ́ọ̀pù, ẹsẹ̀ wọn lórí irin tí wọ́n ṣe fún ìṣísẹ̀ kan péré.

Ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ tuntun, irú bíi Hilux tí wọ́n ti ń tò pọ̀ ní Tema láti ọdún 2021, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ihò tuntun kan ṣoṣo lára ṣáásì lè mú kí wọ́n kọ̀ láti ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣèlérí.