Bí ọ̀nà abẹ́ igi bá parí, ta ni yóò máa ro ó?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì tí ó ń lọ sí Ìkógòsì yóò gba Ìyìn-Èkìtì kọjá, yóò gba Ìgèdè àti Àrámọkọ, òkè kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí yóò fi dé ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé nínú igbó. Àpáta kò wọ́n lójú ọ̀nà yìí, etídò kò wọ́n, igi ńlá kò sì tíì tán pátápátá. Ohun tí ó wọ́n ni ọ̀nà tí ọmọdé àti arúgbó lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín wọn láìsí ìbẹ̀rù ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé ń là lóde òní, tí wọ́n ń náwó lé lórí, tí wọ́n sì ń pe àwọn ènìyàn jọ láti ṣí i lọ́jọ́ tí ó bá parí. Ìbéèrè tí àlàyé yìí dojú kọ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìṣíde náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kú.

Oríṣi méjì ni ọ̀nà tí à ń sọ yìí. Èkíní ni ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó, èyí tí a là kí ènìyàn lè rí igi, ẹyẹ, òkúta àti omi ní ibùgbé wọn, tí kò sì pọn dandan kí ó gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Èkejì ni ọ̀nà abẹ́ igi, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ kì í gbà, tí ewéko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì so àdúgbò kan pọ̀ mọ́ òmíràn, bóyá ilé mọ́ ilé-ìwé tàbí ọjà mọ́ etídò. Ọ̀kan lára èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́ ni Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, tí Benton MacKaye dá lábàá ní ọdún 1921, tí wọ́n sì là parí ní 1937. Ó gùn tó kìlómítà 3,500, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí jù nípa rẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí wọ́n pín ọ̀nà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ni wọ́n ń gé igi tí ó bá wó dí i, tí wọ́n sì ń tún àtẹ̀gùn rẹ̀ tò láti ìgbà náà wá.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ọ̀nà inú igbó ní ni omi òjò. Lórí ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ọ̀nà tí a bá là gbọọrọ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ yóò di ojú ọ̀gbàrá kí ọdún méjì tó pé, nítorí pé ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ ilẹ̀ pupa náà le, omi kò ráyè wọlẹ̀ mọ́, ó sì ń sáré gba ibi tí ó rọrùn fún un, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ títí gbòǹgbò igi yóò fi yọ síta. Ẹni tí ó bá wo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá yóò rí iyanrìn funfun tí ó kó jọ sí ìsàlẹ̀ òkè, yóò rí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ́kù lókè, àti ẹsẹ̀-ọ̀nà tuntun tí àwọn ènìyàn ti dá sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, tí òun náà yóò di kòtò bó bá yá. Nítorí èyí, àwọn tí iṣẹ́ ọ̀nà lílà yé kì í jẹ́ kí ọ̀nà dojú kọ òkè tààrà: ṣe ni wọ́n máa ń mú un gba ẹ̀gbẹ́ òkè, tí yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, débi pé gígùn-sókè ọ̀nà kò ní ju ìdajì gígùn-sókè òkè fúnra rẹ̀ lọ. Bí òkè bá ń fi mítà 20 ga sí i nínú mítà 100, ọ̀nà kò gbọdọ̀ fi ju mítà 10 lọ. Wọn a tún jẹ́ kí ojú ọ̀nà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ òkè, kí omi lè kọjá lórí rẹ̀ bọ́ sínú igbó láìdúró. Níbi tí òkè bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà kò níbi tí yóò yí sí, àtẹ̀gùn òkúta ni ó kù, irú èyí tí ó wà ní Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ lé ní 600. Ní ibi àbàtà, pákó ni wọ́n ń tò sórí òpó kí ẹsẹ̀ má baà tẹ gbòǹgbò rì.

Àǹfààní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá ìgbádùn ojú lásán. Igi etídò máa ń fi gbòǹgbò di bèbè mú, kí omi tí ó kún má baà wó ilẹ̀ ilé àwọn ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ sì ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ bí ara ṣe ń làágùn, èyí tí ó jẹ́ kí abẹ́ igi tutù ju títì ọ̀dà lọ lọ́sàn-án gangan. Ti ìlera tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania: ó fi àwọn 23 tí fèrèsé wọn kọjú sí igi wé àwọn 23 tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì, ó sì rí i pé àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn yòókù lọ, tí egbòogi líle fún ìrora tí wọ́n lò sì kéré. Ojú nìkan ni àwọn wọ̀nyẹn fi rí igi. Ẹni tí ó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ ń jẹ èrè mìíràn pẹ̀lú, nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, ìrìn tí ó yá sì wà lára ohun tí ó kà sí lílo ara.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àjèjì ni èrò yìí sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, ọ̀nà odò wà ní gbogbo ìlú, ọ̀nà oko wà, àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà ni wọ́n sì ń ro wọ́n ní àsìkò tí àwọn àgbà bá dá. Igbó òrìṣà sì wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, ojúbọ sì wà káàkiri etí odò náà, tí ẹsẹ̀-ọ̀nà so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ nínú òrìṣà dínkù tí àwọn agégi àti apẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀, Susanne Wenger, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tún àwọn ojúbọ náà kọ́, wọ́n sì dúró ti igbó náà. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Síbẹ̀, ohun tí ó ń jẹ́ kí ọ̀nà inú igbó yẹn là lọ́dọọdún ni pé Arugbá, wúńdíá tí ń ru igbá ẹbọ lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ dé odò ní oṣù Kẹjọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò sì tẹ̀lé e. Ọ̀nà tí ìlú kò lè má rìn, ìlú yóò ro ó.

Ní Lekki, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ń bójú tó hẹ́kítà 78 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ láti 1990. Ọ̀nà pákó gba inú àbàtà kọjá lábẹ́ igi, ọ̀nà àsokọ́ tí ó gùn ní mítà 401 sì wà lókè, tí ènìyàn fi ń wo ọ̀bọ láti orí ewé. Owó ìwọlé wà lára ohun tí ó ń tún un ṣe. Irú ètò yìí dára fún ìlú ńlá tí àlejò kì í wọ́n, ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá gbé ọ̀nà rẹ̀ lé owó àlejò nìkan yóò rí i pé igbó dí i lọ́dún tí àlejò kò bá wá.

Èyí tí ó sún mọ́ ohun tí ìlú bí Ìyìn-Èkìtì lè ṣe ni igbó Karura ní Nairobi, tí ó lé ní hẹ́kítà 1,000. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990 sí 1999, àwọn alágbára ti ń pín ilẹ̀ igbó náà láti kọ́lé sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wangari Maathai àti àwọn ẹmẹ̀wà wọn lọ gbin igi síbẹ̀ láti fi kọ̀ ọ́, àwọn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lù wọ́n débi pé ẹ̀jẹ̀ jáde lórí wọn ní oṣù Kìíní ọdún 1999. Igbó náà bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀daràn ni ó gba inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá rìn níbẹ̀. Òfin igbó tí Kẹ́ńyà ṣe ní 2005 fún àwọn ará àdúgbò láyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò bá ìjọba ṣàkóso igbó, wọ́n sì dá ti Karura sílẹ̀ ní 2009. Wọ́n mọ ọgbà yí i ká, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò síṣẹ́ ọdẹ, wọ́n sì la ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó lé ní kìlómítà 50. Lónìí, ìdílé ń kó ọmọ lọ rìn níbi tí ẹ̀rù ti ń ba ọkùnrin láti wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà láti New York. Àwọn ará àdúgbò gba ọ̀nà reluwé àtijọ́ kan tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ láti 1980, wọ́n gbin ewéko sí i, wọ́n sì ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú orúkọ High Line. Ó lẹ́wà, gbogbo ayé sì ń lọ wò ó, àmọ́ owó ilé gòkè ní àyíká rẹ̀, Robert Hammond tí ó wà lára àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn kò ṣe tó fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Ní Ìkógòsì tí a fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ etí omi ti wà tipẹ́. Òjò tí ó wọ inú pàlàpálá àpáta lọ jìnnà sísàlẹ̀, níbi tí ooru ilẹ̀ ti mú un gbóná, ni ó ń padà yọ, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, títí yóò fi pàdé omi tútù tí ń bọ̀ láti ọ̀tọ̀, débi pé ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, kí ó sì ki èkejì bọ òmíràn. Àlejò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí ó bá máa jẹ́ ti Ìyìn yóò yàtọ̀ sí i: kò ní ju ọ̀nà odò kan lọ, tí a tún là fún bí kìlómítà kan tàbí méjì, tí igi ìrókò, arère tàbí àfàrà tí ó kù sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àti nítorí pé ẹbí ṣì mọ ilẹ̀ wọn, ìwé ìjọba àti ohùn ẹbí yóò ní láti pé kí okùn ìdíwọ̀n tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àdéhùn kan ṣì kù tí ó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gé igi kan: àdúgbò wo ni yóò ro apá wo, ṣáájú òjò àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí koríko bá ti ga dé orúnkún.